Àpótí Tí Alágbára Kò Lè Gbé: Idán Ni Tàbí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ènìyàn?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1856, ní ilé eré ńlá kan ní ìlú Algiers, lórílẹ̀-èdè Algeria ní àríwá Áfíríkà, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀ lójú gbogbo èrò. Pákó ni wọ́n fi kan àpótí náà, ó ní ibi tí wọ́n fi ń dì í mú lórí, kò sì wúwo rárá. Àwọn olórí ẹ̀yà Lárúbáwá ló kún iwájú ilé eré náà. Ìjọba Faransé, tó ń ṣe àkóso lé wọn lórí, ló pè wọ́n wá. Ọkùnrin yìí kéde fún wọn pé òun ní agbára láti gba okun kúrò lára ẹnikẹ́ni tó bá wu òun. Ó ní kí ẹni tó bá gbójú bọ́ síwájú.

Ọkùnrin kan tó taagun dáadáa dìde. Wọ́n bi í bóyá alágbára ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó gbé àpótí náà. Ó fi ọwọ́ kan gbé e bí ẹni gbé ìyẹ́ adìẹ, ó sì wo onídán náà tẹ̀gàntẹ̀gàn. Onídán na ọwọ́ sí i, ó ní ó tán, òun ti gba agbára rẹ̀, kó tún un gbé wò. Ó dì í mú, ó fà á, àpótí kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ le, òógùn bò ó, àpótí kò kúrò lójú kan. Kò pẹ́ ni nǹkan kan gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láti ọwọ́ dé èjìká. Ó kígbe, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì fi eré sá jáde láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Olùkà wa ọ̀wọ́n, bí ìwọ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni ìwọ ìbá sọ?

Jean-Eugène Robert-Houdin ni orúkọ onídán náà. Iṣẹ́ aago ni ó kọ́ kó tó di gbajúmọ̀ onídán ní ìlú Paris. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí Algeria. Ìdí ni pé àwọn àlùfáà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní marabout. Àwọn ènìyàn gbà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìyanu, wọ́n sì ń lo iyì yẹn láti ru ará ìlú sókè sí Faransé. Ìjọba wá rò ó pé bí a bá fi idán tó ju ti marabout hàn wọ́n, ọkàn wọn yóò domi. Gbogbo èyí ni Robert-Houdin fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú àpótí náà wò. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi sí ìdí rẹ̀. Lábẹ́ pèpéle, níbi tí ojú èrò kò dé, irin mìíràn wà tí wọ́n fi wáyà wé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, tí wọ́n sì so wáyà náà mọ́ bátìrì. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà kọjá, irin abẹ́ pèpéle á di òòfà, á sì di ìdí àpótí mú ṣinṣin. Bí wọ́n bá gé iná, òòfà kò sí mọ́, ọmọdé sì lè gbé àpótí. Ẹnì kan ló wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó ń tan iná tó sì ń pa á bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti ṣe àmì. Iná yìí kan náà ni wọ́n darí sí ibi tí ọkùnrin náà dì mú, òun ló gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ irú òòfà yìí.

Lẹ́yìn eré náà wọ́n fi ògbufọ̀ ṣàlàyé fún àwọn olórí pé ọgbọ́n ọwọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ìbọn wọ̀ ní ọdún 1830, wọ́n tún fẹ́ fi àpótí gba ọkàn àwọn tó ni ín. Èmi kò lè yin onídán náà fún un, bó ti wù kí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ tó.

Kì í sì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ọkùnrin kan wà ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Heron. Ó kọ ọ́ sínú ìwé bí a ṣe lè ṣe ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dáná lórí pẹpẹ. Ooru iná á mú kí afẹ́fẹ́ inú kòtò abẹ́ pẹpẹ fẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti omi sínú garawa, garawa á wúwo, á sì fa okùn tí wọ́n so mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ó tún kọ nípa àpótí kan tó ń ta omi ìwẹ̀nùmọ́ níwọ̀nba fún ẹni tó bá ju owó sínú rẹ̀. Ẹni tó wá jọ́sìn á rò pé òrìṣà ló ṣí ilẹ̀kùn fún òun.

Òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur C. Clarke, tó kú ní ọdún 2008, sọ ọ́ di bí òfin pé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó bá ti ga jù, a kì í lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára idán. Ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀ gan-an, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ojú ẹni tó ń wòran ni ọ̀rọ̀ yẹn dá lé. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹni yẹn mọ̀ dájú.

ÀJẸ́ ÒYÌNBÓ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti wọ wá lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Bàálù á kọjá lójú ọ̀run, ẹnì kan á ní, "Àjẹ́ òyìnbó nìyẹn o! Tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe bàálù, tiwa ní í máa pa ọmọ ọlọ́mọ jẹ." A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá lọ. Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ, mo sì ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ìwàásù pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè: ta ni ó ṣe bàálù? Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ni, Wilbur àti Orville Wright, ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń tún ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù ni bàbá wọn nínú ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní United Brethren. Bíṣọ́ọ̀bù o! Ọ̀nà wo ni àjẹ́ gbà wọ ilé yẹn? Nígbà tí ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò fò dáadáa, wọ́n kan àpótí gígùn kan ní ọdún 1901, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń fi onírúurú apá kéékèèké dán an wò. Wọ́n dán nǹkan bí 200 wò, wọ́n ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903, ọkọ̀ wọn gbéra nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré. Bí ẹ bá ka Ìwé Mímọ́ dáadáa, ẹ ó rí i pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ mìíràn níbẹ̀. Ẹ wo Ẹ́kísódù 31:2-5, níbi tí Ọlọ́run ti sọ nípa Bésálẹ́lì pé Òun ti fi ẹ̀mí Òun kún un fún ọgbọ́n iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni Bésálẹ́lì. Kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe àlùfáà.

Àwọn baba wa pàápàá kò sọ pé gbogbo ohun tó yani lẹ́nu ni àjẹ́. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Nígbà tí rédíò dé, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì gbọ́ èsì. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ó di amóhùnmáwòrán. Ọkọ̀ tó ń rìn lójú irin di ọkọ̀ ojú irin. Iná tó jọ ti ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣú di iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mànàmáná jẹ́ ohun tí wọ́n ti ń wárí fún nítorí Ṣàngó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ojú tó mọ nǹkan wò ni wọ́n fi wò ó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń bọ Ògún, wọ́n sì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nídìí owú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ máa fín. Yóò kọ́ bí irin ṣe ń pọ́n kó tó rọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń rì í sínú omi kó lè mú. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹbọ kò rọ ọkọ́ rí.

Ibí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó yé mi jù. Ohun tí a ń pè ní awo, a kì í fi han ọ̀gbẹ̀rì. Bí ọ̀gbẹ̀rì bá mọ̀ ọ́n, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ̀rì gan-an ni a ń kọ́. Bí a bá kọ́ ọmọ Ìkàrẹ́ àti ọmọ Ṣakí, yóò ṣiṣẹ́ ní ọwọ́ wọn bó ṣe ṣiṣẹ́ ní ọwọ́ ọmọ London. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gun òpó tẹlifóònù gíga gíga tí ẹ ń rí káàkiri yìí, ọmọ wa ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà máa ń fi nǹkan pamọ́, mo gbà, nítorí owó. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún lè tú u, kó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìpalára ọ̀rọ̀ "àjẹ́ òyìnbó" yìí kò mọ sí ẹ̀rín. Ó ń sọ fún ọmọ pé kò sí ohun tó lè kọ́ níbẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí ẹ̀rù gba ibi tí ìbéèrè yẹ kó wà. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 2004, tí ìròyìn fi gba gbogbo ìlú pé nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè rẹ̀ á kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà náà sórí ìwé, wọ́n ń pín in fún ara wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù jáde láti sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń ra káàdì, tí wọ́n mọ owó ìṣẹ́jú kan sórí, ṣì ń gbàdúrà lé fóònù wọn lórí kí wọ́n tó gbé e.

Àwa kọ́ ni a máa sọ pé kò sí agbára òkùnkùn. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn pidánpidán Fáráò ṣe díẹ̀ nínú ohun tí Mósè ṣe, títí ó fi kan ti iná orí tí wọn kò rí i ṣe (Ẹ́kísódù 8:18). Símónì ní Samáríà pidán títí gbogbo ìlú fi ń pè é ní ẹni ńlá, nígbà tó sì rí ohun tó ju tirẹ̀ lọ, owó ló kọ́kọ́ nà sí Pétérù (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8). Ẹ ṣàkíyèsí ti owó yẹn. Ṣùgbọ́n Bíbélì kan náà sọ nípa ejò idẹ tí Mósè rọ nípa àṣẹ Ọlọ́run. Nígbà tó di ayé Ọba Hesekáyà, àwọn ènìyàn ti ń sun tùràrí sí i, ọba sì fọ́ ọ túútúú, ó ní idẹ lásán ni (Àwọn Ọba Kejì 18:4). Ohun èlò lè di òrìṣà lọ́wọ́ ẹni tí kò béèrè ohun tó wà fún mọ́.

ẸRỌ TÍ KÒ SÍ NǸKAN NÍNÚ RẸ̀

Títí di ibí, a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tòótọ́ tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ idán. Èyí tó burú jù lóde òní ni òdìkejì rẹ̀: idán tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ ẹ̀rọ.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ James McCormick, ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Ó ń ta ohun èlò kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní ADE 651. Ìdìmú dúdú bíi ti ìbọn ni, tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ́ríà rédíò sí lórí, irin náà sì lè yí sọ́tùn-ún sósì. Ó ní yóò rí bọ́ǹbù, oògùn olóró, eyín erin, àní ènìyàn pàápàá, láti ibi tó jìnnà réré, títí dé abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ omi. Káàdì kan wà tí ẹ máa kì bọ̀ ọ́ fún ohun tí ẹ bá ń wá. Kò ní bátìrì. Ó ní ara ẹni tó dì í mú ni yóò fún un ní agbára, nítorí náà kí onítọ̀hún kọ́kọ́ rìn díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ń wá bá wà nítòsí, irin yẹn á yí sí i.

Ẹ̀yin ará, níbo ni a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ọ̀pá tó ń júwe olè, ọ̀pá tó ń júwe ibi tí omi wà. Àgbàlagbà kankan nílẹ̀ Yorùbá tó bá rí i láìsí orúkọ òyìnbó lára rẹ̀, orúkọ tó máa pè é kò ní í jẹ́ ẹ̀rọ.

Ìjọba Iraq rà á lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Owó tí wọ́n ná lé e lórí jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn sójà àti ọlọ́pàá dì í mú ní gbogbo ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ ní ìlú Baghdad. Wọ́n á rìn ségbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan, bí irin kò bá yí, wọ́n á ní kó máa lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, bọ́ǹbù inú ọkọ̀ bú gbàmù láàárín ìlú náà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 150. Àwọn oníròyìn bèèrè nípa ohun èlò náà lọ́wọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí ẹ̀ka tó ń gbógun ti bọ́ǹbù. Ó dáhùn ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn pé, ì báà jẹ́ idán, ì báà jẹ́ sáyẹ́ǹsì, èyí tó kan òun ni pé ó ń rí bọ́ǹbù.

Mo ti ka ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹnu ẹni tí ẹ̀mí gbogbo ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ti jáde. Ẹni tí kò bá bìkítà èyí tí nǹkan jẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ BBC gbé káàdì inú rẹ̀ lọ fún onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Yunifásítì Cambridge. Wọ́n tú u. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni irú àmì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù kí olè má bàa gbé e jáde. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó o lọ sí Iraq àti Afghanistan. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní London dá McCormick lẹ́bi, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 10. Níbi ẹjọ́ náà ló ti hàn gbangba pé ohun ìṣeré kan tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fún wíwá bọ́ọ̀lù golf tó sọnù ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó 20 dọ́là, ohun ìṣeré yẹn fúnra rẹ̀ kò sì lè wá bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá ọlọ́pàá Iraq yẹn náà dé ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ rẹ̀ nítorí ìwà ìbàjẹ́.

Ẹ rò pé ó tán níbẹ̀? Ní oṣù keje ọdún 2016, bọ́ǹbù bú ní àdúgbò Karrada ní Baghdad, ó pa ènìyàn tó lé ní 300. Ẹ̀yìn èyí ni olórí ìjọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n gba ohun èlò náà kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹni tó tà á ti wà lẹ́wọ̀n!

Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè ni pé, kí ló ń mú kí irin náà yí? Nítorí ó ń yí, àwọn sójà yẹn kò purọ́. Idáhùn rẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1853, àṣà kan gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Àwọn ènìyàn á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e, tábìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn kan ní ẹ̀mí òkú ni, àwọn kan ní iná mànàmáná ni, àwọn àlùfáà kan sì ní Sátánì ni. Michael Faraday, ẹni tí ìmọ̀ nípa òòfà àti iná mànàmáná jẹ ní gbèsè jù, tó sì ti ṣe alàgbà nínú ìjọ rẹ̀ ní London, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó to páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn lórí tábìlì, ó fi ohun rírọ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Bó bá ṣe pé tábìlì ló kọ́kọ́ rìn, páálí ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sún. Bó bá ṣe pé ọwọ́ ni, ti òkè ni. Ti òkè ló kọ́kọ́ sún. Ó tún wá ṣe igi atọ́ka kékeré kan tó ń fi hàn bí ọwọ́ bá ti ń ti nǹkan. Bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń wo igi yẹn, tábìlì kò yí mọ́ rárá. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn kò mọ̀ pé àwọn ni. Ohun tí ọkàn ń retí ni ọwọ́ ń ṣe láìsọ fún olówó rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wá, ohun tó máa tú u kò gba ìwé ńlá. Ẹ bo ife mẹ́wàá dé, kí ẹ fi ohun tó ní òun ń wá sí abẹ́ ọ̀kan, kí ẹni tó mọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Kí ó wá a. Kí ẹ ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rọ gidi kì í sá fún irú ìdánwò yìí.

ÈYÍ TÓ WÀ LÁÀÁRÍN WA

Iraq jìnnà, ẹ ó wí. Ṣé ẹ ti rí tábìlì kan nínú ọjà tàbí ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lé, tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wá yẹ ara wọn wò? Wọ́n á béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara yín. Wọ́n á fún yín ní irin kan kí ẹ dì í mú ní àtẹ́lẹwọ́. Ìṣẹ́jú kan, ó ti tán. Ìwé rẹpẹtẹ á jáde nípa ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, egungun, ọpọlọ, ojú àti ọkàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi oògùn inú páálí aláràbarà hàn yín.

Màmá kan tí mo mọ̀ dáadáa, wọ́n sọ fún un ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀ pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń lọ. Kò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó tó fẹ́ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló fi ra tiwọn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀, kíndìnrín kò ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti dáwọ́ oògùn rẹ̀ dúró ló ti gòkè dé ibi tó léwu.

Irin tí ènìyàn dì mú ní ọwọ́ kò lè mọ̀ ju bí iná ṣe ń gba awọ ara kọjá lọ, ìyẹn sì ń yí padà bí ọwọ́ bá ti làágùn. Kíndìnrín kò sí ní àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó dùn mí jù ni orúkọ tí wọ́n fún un, nítorí pé wọ́n jí i lára ẹ̀rọ gidi, ẹ̀rọ MRI tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀rọ yẹn ló tóbi tó yàrá, wọ́n á ti aláìsàn sínú ihò rẹ̀, ó ń pariwo gbàgà-gbàgà, ẹni tó ní irin lára kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ọn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Ẹ sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Wáyà ni, tí wọ́n wé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó sì di òòfà. Ohun tó lé ọkùnrin Algiers yẹn sá lọ́dún 1856, òun náà ló ń bá dókítà wo inú agbárí ọmọ wa lónìí láìfi ọ̀bẹ kàn án. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, yóò sọ fún yín. Yóò sì sọ ohun tí kò lè ṣe pẹ̀lú. Àwọn onítábìlì kì í ní èyí tí wọn kò lè ṣe.

Ọ̀kan kù, ó sì ti wọ ilé wa. Kọ̀ǹpútà ti kọ́ bí a ṣe ń fara wé ohùn ènìyàn. Ohùn tó gùn níwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, láti inú ìwàásù tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti tó fún un láti sọ ohun tí olóhùn kò sọ rí. Ó ń ṣe ojú àti ẹnu pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣìṣẹ́ kan ní Hong Kong, ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gba ìwé pé kó fi owó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ó kọ́kọ́ fura. Wọ́n wá pè é sí ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 dọ́là Hong Kong ránṣẹ́. Kò sí ẹni gidi kankan nínú ìpàdé yẹn àfi òun nìkan.

Àwọn àgbàlagbà wa ni mo ń rò. Bí ohùn ọmọ bá pè ní òru láti òkè òkun, tó ń sunkún pé wọ́n ti mú òun, tàbí bí ohùn Pásítọ̀ bá ní Ẹ̀mí ní kí ẹ fi iye báyìí ránṣẹ́ sí àkáǹtì báyìí, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má sì ṣe dè é. Ẹ pa fóònù náà. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún onítọ̀hún, kí ẹ sì bi í ní ohun kan tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ nínú ilé: orúkọ tí Ìyá Àgbà ń pè é, tàbí ẹni tó gbé e lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ jọ yan ìbéèrè náà, kí ẹ má sì kọ ọ́ sínú fóònù.